Mo Fi Ikọ́ Mi Pamọ́ Sínú Èéfín Kòkó

Kì í ṣe nítorí pé mo gbọ́n ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó gbọ́n kò ní ṣe ohun tí mo ṣe. Mo ń kọ ọ́ nítorí pé mo mọ̀ dájú pé obìnrin kan wà ní abà kan láàrin Atosin àti Owena, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tó ń gbé ikọ́ mì kí ará ilé má baà gbọ́. Ẹ̀rù ikọ́ náà kọ́ ló ń bà á jù, ẹ̀rù orúkọ tí wọn yóò fún ikọ́ náà ni. Ìyá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo Atosin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí n la ẹnu náà, ńṣe ni mo pa á dé.

Ọmọ Ìdànrè kọ́ ni wá. Láti ọ̀nà Ìkirun ni ọkọ mi ti wá ṣiṣẹ́ kòkó, èmi náà sì tẹ̀lé e wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí Ìdànrè, ló ni oko tí à ń ṣe. Àwa là ń ro ó, àwa là ń ká kòkó, bó bá gbẹ tán a ó pín in pẹ̀lú rẹ̀. Abà wa wà lẹ́yìn Atosin, níbi tí ènìyàn ti lè rí òkè bí ìkùukùu bá ká kúrò lórí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Aládùúrà ni, àwa náà sì ń tẹ̀lé e lọ sílé àdúrà.

Kí n tó sọ tèmi, ó yẹ kí n sọ ti Adúmáadán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, orúkọ tí mo fún un nìyẹn, nítorí pé ó dúdú, ara rẹ̀ sì ń dán. Ọdún tí mo wọlé ọkọ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà kò lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń rù. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n ní bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láàrin ilé, yóò kó gbogbo wa lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré àtijọ́ kan ní ìpẹ̀kun oko. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, padà sí Ìkirun, kò sì fojú kàn án mọ́. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. N óò gbé e sórí kùkùté igi kan, n óò pè é lẹ́ẹ̀kan, n óò sì yára padà kó tó jáde. Ó máa ń dúpẹ́ lẹ́yìn mi. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo pè, tí n kò gbọ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Dúpẹ́, àkọ́bí mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀fìnkìn ló kọ́kọ́ mú mi, mo sì fi ṣeré, nítorí pé ta ni ọ̀fìnkìn kì í mú lásìkò òjò? Ọ̀fìnkìn lọ, ó fi ikọ́ sílẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ki, ó sì pọ́n bí ìyeyè. Bí mo bá mí sínú, àyà mi a máa dún bíi ti ológbò tó ń sùn. Bí mo bá pọn omi láti odò, n óò dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà tí mo ti ń rìn láìdúró tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń ka ọjọ́, mo sì ń fi í wé ti Adúmáadán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń gbàdúrà òwúrọ̀, ikọ́ gbé mi. Ìyá ọkọ mi la ojú rẹ̀ láàrin àdúrà.

Ó ní, “Ìyá Dúpẹ́, ikọ́ yìí ò tíì lọ?”

Mo ní, “Ata ló há mi lọ́fun, Màmá.”

“Ata? A ò tíì jẹun, ata wo lo rí jẹ?”

Ó padà sínú àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé etí rẹ̀ ń tẹ̀lé mi káàkiri ilé.

Ibi tí mo ti ṣe wèrè mi rèé. Ẹni tó bá mọ kòkó mọ̀ pé oòrùn ló yẹ kó gbẹ ẹ. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò kì í fẹ́ gbóòórùn èéfín lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò kò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ni olóko yóò ṣe? Kó máa wo kòkó rẹ̀ kó hu? A ní ahéré kan tí a kan pẹpẹ sí. A ń tẹ́ ẹní sórí pẹpẹ náà, a ń da kòkó sí i, a sì ń dáná igi sábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ iná, tí yóò sì máa yí kòkó. Igi tútù ni à ń rí lásìkò bẹ́ẹ̀, èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀ tí kì í wúkọ́. Ọkọ mi ń wúkọ́ níbẹ̀, àwọn alágbàṣe ń wúkọ́ níbẹ̀, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá jáde tí omi ń dà lójú wa.

Mo rò ó wò pé níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wúkọ́, ta ni yóò gbọ́ tèmi? Mo sọ fún ọkọ mi pé kó lọ máa ká kòkó, pé èmi ni n óò máa ṣọ́ iná. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ìyàwó tèmi kì í ṣọ̀lẹ.” Kò mọ ohun tó ń yìn.

Láti òwúrọ̀ ni n óò ti máa gbé ikọ́ mì nínú ilé, n óò di ọ̀já mọ́ àyà, n óò máa jẹ orógbó. Bí mo bá ti wọ ahéré náà tí mo ti ilẹ̀kùn, n óò wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N óò wúkọ́ títí ẹ̀yìn mi yóò fi máa dùn mí. Ara mi a fúyẹ́ díẹ̀, n óò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ èéfín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni èémí mi ń kúrú sí i, tí mo sì ń sọ fún ara mi pé ikọ́ náà ń lọ.

Ohun tó burú jù ni ti ọmú. Bí Dúpẹ́ bá ń mu ọmú, n óò yí ojú mi sí ògiri kí n má baà mí sí i lára. Mo ń bi ara mi pé, bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, ṣé kì í ṣe pé mò ń fi ọmú pa ọmọ mi? Bí n kò bá sì fún un lọ́mú, wọn yóò bi mí pé kí ló dé. Bó bá sín báyìí, ọkàn mi a já. Dísípẹ́ńsárì wà ní Ìdànrè, n kò jẹ́ lọ, nítorí pé ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, abà gbogbo yóò ti gbọ́ pé ó ń wúkọ́.

Ìyá olóko ló tú mi fó. Ó wá láti Ìdànrè lọ́jọ́ kan láti wo kòkó rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, mo jáde kúrò nínú èéfín, mo gba Dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, mo pọ̀n ọ́n, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni ikọ́ ti dé. Mo wú u, mo wú u, kò tán. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èéfín ni, Ìyá, èéfín ibẹ̀ pọ̀.” Ìyá olóko kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì mí, ó ń wò mí. Ó fi èdè Ìdànrè sọ̀rọ̀, n óò kọ ọ́ bó ṣe yé mi:

“Ọma mi, ikọ́ èéfín máa ń dúró béèyàn bá jáde síta. Tìrẹ ò dúró.”

Ìyá ọkọ mi wá láti ẹ̀yìn mi, ó tú ọ̀já, ó gbé Dúpẹ́ kúrò lẹ́yìn mi, ó sì gbé e wọlé. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Láti ọjọ́ náà ni oògùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà gbogbo. Ìyá ọkọ mi ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa mu omi àdúrà, kí n má fi oògùn kankan sẹ́nu. Àbúrò bàbá ọkọ mi wá láti abà kejì pẹ̀lú agbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ó ní ẹẹ̀kan ni n óò mu ún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò já. Mo mu ún, ọ̀nà ọ̀fun mi jó bí iná, mo sì bì gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò wa obìnrin kan ní tirẹ̀ kó ewé gbígbẹ sórí ẹyin iná nínú àpáàdì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí i, ó da aṣọ bò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Èéfín ló ń pa mí, èéfín ni wọ́n tún fi kún un. Ojú mi ṣú, wọ́n ní ètè mi dúdú bí aró kí wọ́n tó ṣí aṣọ.

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. N kò sọ pé wọn kò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fún mi ní oògùn lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rí ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo rí ọkọ mi tó gbé ẹní tuntun kan sí èjìká, tó ń gba ọ̀nà ìpẹ̀kun oko lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ẹní ṣe níbẹ̀.

Mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà dè é. Nígbà tó dé, Ìyá olóko, tó tún wá wo bí ara mi ṣe rí, àti ìyá ọkọ mi wà níjòókòó.

Mo ní, “Bàbá Dúpẹ́, ta ló sọ fún yín pé ikọ́ ife ni?”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹní tí ẹ gbé lọ ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, “Ọkọ rẹ nìkan ni ọmọ tó kù fún mi, Ìyá Dúpẹ́. Dúpẹ́ nìkan ni mo sì rí gbé pọ̀n. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ gba ẹnu mi. Ìyá olóko ló bá mi sọ ọ́. Ó yọ ìgò aṣáà rẹ̀, ó fa díẹ̀ símú, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ahéré ìpẹ̀kun oko tí ẹ ń gbá yẹn, orí ilẹ̀ ta ló wà?”

Ọkọ mi ní, “Ilẹ̀ tiyín ni, Ìyá.”

“Ó dáa. N kò fún yín mọ́. Èyí àkọ́kọ́, ẹ kò bi mí, mo gbọ́ nígbà tó ti kú. Ẹ gbé obìnrin yìí lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ahéré mi láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá oko mìíràn ṣe.”

Bí wọ́n ṣe gbé mi lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́, n kò ní purọ́.

Ìlú Ìdànrè la kọ́kọ́ dé. Dísípẹ́ńsárì kọ lẹ́tà lé wa lọ́wọ́, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé wa dé Àkúrẹ́. Ní ọsibítù, bẹ́ǹṣì gígùn ni gbogbo wa jókòó lé. Bí ẹni iwájú bá wọlé, gbogbo bẹ́ǹṣì a sún. Bí mo bá wúkọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi a sún sí òdìkejì, títí tí àyè tó lè gba ènìyàn mẹ́ta fi wà láàrin wa, bẹ́ẹ̀ àwọn mìíràn wà lórí ìdúró. Àárọ̀ la dé, ó di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó pè mí. Dókítà òyìnbó gbé ohun èlò lé mi láyà, ó ní kí n mí, kí n tún mí. Wọ́n fún mi ní ife kékeré kí n tutọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ilé ará Ìkirun kan la wọ̀ sí. Owó tí a mú wá kò tó, ọkọ mi sì lọ ń bá wọn ru ẹrù nínú ọjà. Èmi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ọmú mi kún, ó ń ro mí, kò sí ọmọ tí yóò mu ún. Mò ń fún un dà sílẹ̀, mo sì ń sunkún. Ní ọjọ́ mẹ́rin náà, ikú kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé Dúpẹ́ kò ní mọ̀ mí lójú, bí ọmọ Adúmáadán kò ṣe mọ ìyá rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ pé, wọ́n pè wá. Nọ́ọ̀sì ń túmọ̀ bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Kò sí ikọ́ ife nínú ohun tí o tu. Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ àyà rẹ ló wú, tó sì ń sun kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fìnkìn ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti lọ. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

Mo sọ fún un. Mo tilẹ̀ sọ ìdí tí mo fi lọ bẹ ọkọ mi fún iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí.

“Ìwọ obìnrin yìí, o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ. Èéfín yẹn ni kò jẹ́ kó lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ò bá kú sínú ahéré yẹn.”

Ọkọ mi wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó ní, “Ṣé ó wà lórí bẹ́ǹṣì níta?”

Bóyá ikọ́ ife ló pa á lóòótọ́, bóyá kì í ṣe òun. A kò ní mọ̀ láé, nítorí pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe rèé, yàtọ̀ sí oògùn tí wọ́n fún mi. Kí n jìnnà sí èéfín, ti kòkó, ti ìdáná, ti tábà. Kí n sinmi. Kí n máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹ̀kọ mímu dáadáa, nítorí pé omi ní í mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀. Kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná, kí n fi oyin díẹ̀ sí i, kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀; fún àgbà ni mo sọ o, ẹ má fi oyin sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Bí àyà bá dí, kí wọ́n gbé omi tó hó kúrò lórí iná, kí wọ́n gbé e jìnnà sí ààrò, kí n bo aṣọ lérí, kí n máa fa ooru rẹ̀ símú jẹ́jẹ́, kí ọmọdé má sún mọ́ ìkòkò náà. Kí n fi nǹkan gbé orí ga bí mo bá fẹ́ sùn. Ìyá ọkọ mi ló ń gbé omi náà kaná fún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń gbàdúrà sí i kó tó gbé e wá. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run kò mà bínú sí omi gbígbóná, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nǹkan wọ̀nyí dẹ ikọ́ lára, wọn kò rọ́pò àyẹ̀wò. Bí ikọ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí èémí bá ń kúrú, bí ibà bá ń mú ọ tí o sì ń rù, dìde kí o lọ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ikọ́ ife náà ni, wọ́n sọ fún mi pé oògùn rẹ̀ ti wà báyìí.

Ọjọ́ tí a délé, Màmá gbé Dúpẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo yọ ọmú fún un. Ó wo ọmú náà, ó wo ojú mi, ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ̀kọ ló ti mọ́ ọn lára. Kò mu ọmú mi mọ́ títí tí omi rẹ̀ fi gbẹ. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọdún kẹta rèé. Mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ti bí ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ara mi kò padà bó ṣe wà. Bí ọyẹ́ bá dé, àyà mi a tún máa dún. N kò lè gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè mọ́ láìjókòó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkọ mi wó ahéré èéfín náà, ó sì ń fi kòkó rẹ̀ dúró de oòrùn. Abà mẹ́rin tó yí wa ká ṣì ń fi èéfín gbẹ kòkó tiwọn. Mo ti bá wọn sọ ọ́ títí, wọ́n ní èmi ni ara mi kò gbà á.

N kì í fi ikọ́ mi pamọ́ mọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, mo wú u kíkankíkan nílé àdúrà, ìlà tí mo jókòó sí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Mo ní, “Ẹ jókòó jàre, wọ́n ti yẹ tèmi wò ní Àkúrẹ́. Tiyín ńkọ́?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a túká, ìyàwó kékeré kan láti abà kejì tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ilé. Kò tíì pé ọdún kan tó dé láti Ìrágbìjí.

Ó ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.” Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àkísà aṣọ tó wà níbẹ̀ pọ́n fún ẹ̀jẹ̀.

Mo ní, “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù méjì.”

N kò pariwo. Mo lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, a sì wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, orí bẹ́ǹṣì la wà ní Àkúrẹ́, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dá fún un ló pé lónìí. Òun ló wà lọ́tùn-ún mi. Àwọn ènìyàn ti sún kúrò lọ́dọ̀ wa, àyè gba mí láti tẹ́ ìwé mi sílẹ̀ kọ. N kò mọ ohun tí wọn yóò sọ fún un, n kò sì fẹ́ tàn án pé mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí. Ó ní òun kò lè dá wọlé. A ti ń dìde.